Èló ni kí ẹbí gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tó fẹ́ háyà igbó oko wa lápá Ìdó?

Ọmọ Olóko Ìdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, torí ìpàdé ẹbí wa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Bàbá tó bí bàbá wa ló fi oko kan sílẹ̀ fún wa lápá Ìdó. Ẹ ó kọjá Ọmí-Àdìó kí ẹ tó yà sọ́nà ẹ̀. Éékà 42 ni awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n sí. Àgbẹ̀ mẹ́ta ló ń dáko lórí éékà 18 níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ wọn déédéé. Éékà 24 tó kù ti di igbó. Odò kékeré kan la àárín ẹ̀ kọjá, ó sì tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ti ṣán an gbẹ̀yìn.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọdẹ kan wá bá Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, lágboolé. Méjìlá ni wọ́n. Àwọn kan ń gbé Ìbàdàn níbí, àwọn yòókù máa ń ti Èkó wá lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ háyà gbogbo éékà 42 náà fún ọdún mẹ́ta, kó jẹ́ àwọn nìkan ni yóò máa dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, àwọn á sì san ₦600,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnu ò kò nílé. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká gbowó náà ká fi ṣe òrùlé ilé ẹbí tó ń jò. Bàbá wa àgbà ní itan ẹran ni ọdẹ ń gbé wá fún onílẹ̀ láyé tiwọn, kì í ṣe owó, pé bí a bá ti gbowó lọ́wọ́ èèyàn, a ò ní lẹ́nu láti lé e mọ́. Àǹtí wa àgbà wá bèèrè ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tó lè dáhùn: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ₦600,000 ni iye ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí. Báwo làwọn èèyàn ṣe ń fowó lé irú nǹkan yìí?

Ará Bódìjà

Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Igbó tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ọdún mẹ́fà ló fẹ́ mú ₦600,000 wá yìí. Bí ẹ bá ń rò ó jù, wọn á lọ bá ẹbí tó bá yín pààlà.

Awọnlẹ̀ Moníyà

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó gùn ní 120, fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, 43,200 nìyẹn. Bó bá jẹ́ pulọ́ọ̀tì 50 sí 100, ó lé ní mẹ́jọ àbọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka pulọ́ọ̀tì fún yín, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì. Hẹ́kítà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àbọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kàn mí nínú àlàyé yín ni pé ilẹ̀ ọdẹ yín kì í ṣe 42. 24 ni. Éékà 18 yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀. Ẹ ò lè gbowó ilẹ̀ kan lọ́wọ́ èèyàn méjì láì jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ní kí awọnlẹ̀ yín fa ìlà sáàárín méjèèjì lórí ìwé, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa sára àwọn igi tó wà lójú ààlà. Bí ẹ ò tilẹ̀ gba ọdẹ kankan, ẹ ṣe èyí. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ọ̀nà òbìrípo 110 kìlómítà tó yí Ìbàdàn ká ti bẹ̀rẹ̀, oko tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń bára wọn jà lé lórí.

Ọdẹ Akínyẹlé

Mo kí gbogbo ilé. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ lèmi náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọdẹ ń sanwó lé lórí fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọdẹ kì í ka éékà. Omi ló ń wò, àti igbó tó ti tó ọdún mẹ́rin sókè láìro, àti oko tó wà létí igbó náà. Inú koríko lọ̀yà ń sùn, àmọ́ inú àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ti ń jẹun lóru. Ẹtu ń wá omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ ṣe júwe ilẹ̀ yín yẹn, tí odò là á kọjá, tí oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ tó dáa ni. Éékà 24 yín lè dáa ju éékà 100 tí kò lódò lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú igbó lásán wò ó fún yín.

Ẹ yẹ ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ náà wò. Bí katapílà bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí, tàbí tí àwọn tó ń sun èédú bá ti wà nínú ẹ̀, ẹran á ti ṣí lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ fura sí ni "àwa nìkan." Òun ló lówó lórí jù. Igbó tí gbogbo ọdẹ ń wọ̀ kò yàtọ̀ sójú títì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ẹni mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni, tí orúkọ wọn wà nílẹ̀, tí ẹlòmíì ò sì gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀, ọdẹ gidi mọ iye tí ìyẹn tó.

Méjìlá ti pọ̀ jù fún éékà 24. Kì í ṣe torí ẹran nìkan. Lóru, ojú tó bá tàn nínú iná wa la ń yìnbọn sí. Bí ọdẹ méjì bá wà nínú igbó kan náà tí ẹnì kìíní ò mọ̀ pé ẹnì kejì wà níbẹ̀, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Àna ẹ̀gbọ́n mi lọ báyẹn, ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sì yìnbọn náà. Àwọn méjèèjì jọ jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé ni. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n máa sọ fún ẹnì kan lóko kí wọ́n tó wọlé, kónítọ̀hún mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde.

Ẹ tún bèèrè Olúọdẹ wọn. Ọdẹ tí kò ní ẹgbẹ́, tí kò sí àgbà ọdẹ kan tó lè dúró fún un, ẹ má fún un nígbó, bó ti wù kówó ẹ̀ pọ̀ tó. Lásìkò táwọn ajínigbé ń wá inú igbó sá sí yìí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ilé ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ilẹ̀ yín.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́

Ó pẹ́ tí mo ti ń ra ẹran lọ́wọ́ ọdẹ, ọ̀rọ̀ mi ò sì pọ̀.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé kí ẹ gba ìdá kan nínú ohun tí wọ́n bá pa. Ẹ má gbà. Ẹran tí wọ́n pa lóru, wọ́n ti wì í, wọ́n ti yan án, wọ́n ti tà á létí ọ̀nà kílẹ̀ tó mọ́. Ta ló máa bá yín kà á? Owó tó dúró sójú kan ni kí ẹ gbà.

Ohun kejì ni ìgbà. Ọ̀yà ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó sì ń bí tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Òun ṣì lè dúró níwájú ìbọn. Ẹtu kì í bí ju ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń pa á tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún mẹ́ta, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi lọ ẹlòmíì tó bá di ọdún kẹrin. Nígbà tí ọdẹ bá ti ń gbé aboyún ẹran wá fún mi léraléra, mo máa ń mọ̀ pé ibi tó ti ń pa á ti ń tán. Ẹ fún wọn ní oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Kí ilẹ̀ náà sinmi nígbà òjò.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò gbọdọ̀ fi oògùn kòkòrò pa ẹran, wọn ò sì gbọdọ̀ dà á sódò. Ẹni tó bá jẹ ẹran náà ló máa jẹ oògùn náà. Akika pẹ̀lú, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti fòfin dè é káàkiri àgbáyé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin ilẹ̀ wa náà sì ń dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, ilẹ̀ ta ni wọ́n máa sọ pé àwọn ti rí i?

Ọmọ Olóko Ìdó

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọkàn mi ti ń yí padà. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń dé orí iye kan. Bó bá jẹ́ éékà 24 ni, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, kí ni mo máa sọ níwájú ẹbí tí wọn ò ní sọ pé mo kàn fà á yọ látorí ni?

Ọmọ Ìbàdàn ní Texas

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Bẹẹrẹ ni mí, àmọ́ Texas ni mo ń gbé, iṣẹ́ oko ni mo sì ń ṣe níbí. Àwọn aládàáni ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí, nítorí náà ọdẹ tí kò nílẹ̀ gbọ́dọ̀ háyà ti ẹlòmíì. Onílẹ̀ tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ọdẹ máa ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, owó ìwé náà sì ń gòkè bí ilẹ̀ bá ṣe tóbi sí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Àwọn kan ń gbà á lórí éékà. Àwọn kan ń gbà á lórí ìbọn, ìyẹn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó máa gbé ìbọn wọlé ló máa sanwó tirẹ̀. Ọ̀gá mi ń lo ti ìbọn, torí ó ní bí òun bá kà á lórí éékà, wọn á kàn máa kó ọ̀rẹ́ wá. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ẹ má fi iye owó ibí wé tilé o, kò bára mu rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ mú. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ níbí kì í gba ọdẹ láìsí ìwé adójútòfò tó bo onílẹ̀ náà, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fara pa, wọn ò ní tìtorí ẹ̀ ta oko ẹni ẹlẹ́ni. Bí ìyẹn ò bá rọrùn nílé, ẹ gba owó ìdógò lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí owó igbó. Kó wà lọ́dọ̀ Mọ́gàjí títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Bí wọ́n bá ba ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, inú ẹ̀ lẹ ó ti san án. Bí wọn ò bá ba nǹkan kan jẹ́, ẹ dá a padà fún wọn pé pérépéré.

Oníṣirò Challenge

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yìí.

₦600,000 fún ọdún mẹ́ta jẹ́ ₦200,000 lọ́dún. Ẹ fi ọdẹ 12 pín in. Kò pé ₦17,000 lórí ọdẹ kan lọ́dún. Ẹ tún fi oṣù 12 pín ìyẹn, kò tó ₦1,400 lóṣù. Ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ láti Èkó, epo tó máa rà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju ìyẹn lọ fíìfíì. Owó náà tóbi lójú torí pé wọ́n kó o jọ síwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n so ó mọ́ tún wà níbẹ̀. Ẹ rántí iye tí àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Iye tí ẹ bá gbà lónìí ni wọ́n máa fi dẹ̀gbẹ́ títí dọ́dún kẹta, bí náírà bá tilẹ̀ já wálẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa gbà rèé. Ẹ bèèrè iye tí àgbẹ̀ tuntun máa san lórí éékà kan lọ́dún ládùúgbò yín lónìí, ẹ má lo iye tí àwọn tiyín ti ń san bọ̀ látayébáyé. Ká kàn fi ₦20,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ọdẹ ò ní ro ilẹ̀ náà, ẹ ṣì lè ká ọ̀pẹ yín, ẹ lè ṣẹ́gi ìdáná, nítorí náà kò yẹ kó san tó àgbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo máa mú: ₦5,000. Ní ọ̀nà 24, ₦120,000 fún ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ.

Wàyí o, ọdẹ mẹ́fà, kì í ṣe méjìlá. ₦20,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ₦120,000 yẹn. Ẹ wá fi "àwa nìkan" lé e, bí bàbá ọdẹ ṣe ṣàlàyé. Bí ẹ bá fi ìdajì kún un, ₦30,000 lórí ẹnì kan, ₦180,000 lápapọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦200,000 tiwọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, àmọ́ ìdajì èèyàn ni, oṣù márùn-ún ni dípò méjìlá, àwọn àgbẹ̀ yín wà láyè wọn, ẹ sì lè tún iye náà sọ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Bí ₦20,000 àpẹẹrẹ mi bá yàtọ̀ sí tàdúgbò yín, ẹ yí i padà, gbogbo èyí tó kù á tẹ̀ lé e.

Ará Bódìjà

Mi ò fi 12 pín in kí n tó sọ̀rọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà-Àrà

Ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi, torí ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo ti ń dáko láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sì tíì sẹ́ni tó dárúkọ àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta yẹn bí èèyàn tó yẹ ká bi léèrè.

Àwọn tó ni ilẹ̀ tí mò ń ro gba ọdẹ síbẹ̀ láìsọ fún wa. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo kàn bá ajá mẹ́fà nínú àgbàdo mi. Lọ́dún kejì, wọ́n tiná bọ igbó láti fi lé ọ̀yà síta. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Iná yẹn fo ààlà, ó wọ inú kòkó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì jó igi tí ọkùnrin náà ti ń tọ́jú láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Onílẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ sí i. Ọdẹ ní àwọn kọ́. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà ti padà sílùú wọn.

Mi ò kórìíra ọdẹ. Bí ẹ bá rí ohun tí ọ̀yà ń fi àgbàdo ṣe lóru kan ṣoṣo, tó ń gé e nídìí láti pórò dé pórò bí ẹni mú àdá dání, ẹ ó mọ̀ pé àwa gan-an la máa ń wá ọdẹ lọ. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ pè wá sí ìpàdé náà. Kí wọ́n má fi iná dẹ̀gbẹ́ rárá. Kí wọ́n má dẹ ìbọn sílẹ̀ de ẹran, kí wọ́n má sì kẹ́ tàkúté irin sójú ọ̀nà odò, torí àwọn ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ń gbabẹ̀ lọ pọnmi kílẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó máa mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde tí bàbá ọdẹ ń sọ, àgbẹ̀ tó ń sùn lóko ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì dín ìṣákọ́lẹ̀ ẹ̀ kù lọ́dún náà.

Lọ́yà Ìyágankú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìṣirò, ẹ ṣé. Ìwé ni tèmi.

Ta ló lè buwọ́ lù ú? Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ẹbí, bí ọmọ ẹbí kan bá dá fi ilẹ̀ ẹbí lélẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló dá a ṣe láìfi tó àwọn àgbà ojúlé yòókù létí, ìwé náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí wọn ò bi léèrè lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fà á ya. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 la ṣì ń tọ́ka sí lórí èyí. Nítorí náà, kí Mọ́gàjí yín àti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, buwọ́ lù ú.

Ẹ má kọ "háyà ilẹ̀" sórí ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun la ń pè é lẹ́nu. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, abala 21, sọ pé ilẹ̀ tí èèyàn ń lò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ kò ṣeé fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé ọdún mẹ́ta tó kó gbogbo éékà 42 fún wọn máa kó yín sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n nílò. Ààyè láti wọ̀ ọ́ dẹ̀gbẹ́ ni. Ẹ kọ "ìyọ̀ǹda láti dẹ̀gbẹ́," ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, ẹ to orúkọ wọn síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé ilẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ẹbí, pé wọn ò gbọdọ̀ kọ́ ahéré, wọn ò gbọdọ̀ gbin igi, wọn ò sì gbọdọ̀ fi àyè wọn fún ẹlòmíì.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa kọ sórí rìsíìtì. Mo ti rí i ní kóòtù tí ìwé pélébé kan, "a gba owó lórí ilẹ̀ wa," di ohun tí ọmọ ẹni tó sanwó náà gbé jáde lẹ́yìn ogún ọdún pé bàbá òun ti ra ilẹ̀ náà. Ẹ kọ "owó ìyọ̀ǹda ọdẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún báyìí sí báyìí."

Kí ìwé àṣẹ ìbọn kọ̀ọ̀kan wà lára ẹ̀. Ṣakabùlà náà nílò ìwé àṣẹ, kì í ṣe ìbọn òyìnbó nìkan.

Àǹtí Ọjà-Ọba

Lọ́yà, Ọlọ́run á bá wa dá yín sí. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí ibi tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ni.

Ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú owó yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ bàbá wa jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ọkùnrin àtobìnrin. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, yálà nídìí igi ni tàbí ní orí ojorí, ìyẹn iye orí ọmọ, ẹ ka orúkọ àwọn ọmọbìnrin mọ́ ọn, àwọn tó wà nílé ọkọ pẹ̀lú. Ìjà tó tú ilé tiwa ká, owó ọ̀pẹ ló fà á, kò sì tó owó tí ẹ ń sọ yìí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní pín in. Ká ní ìdí igi mẹ́ta ni yín, ẹ pín ₦180,000 sọ́nà mẹ́ta, ₦60,000 ló kan ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi ìyẹn pín fún àwọn ọmọ àtọmọọmọ, owó wíwọ ọkọ̀ bọ̀ níbi ìpàdé ló máa kù. Òrùlé tí àbúrò yín ń sọ yẹn, orí gbogbo yín ló máa bò. Ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì ka ìnáwó ẹ̀ jáde lójú gbogbo ẹbí.

Àgbà Lágelú

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ti gbàgbé bàbá tó sọ̀rọ̀ itan, ọ̀rọ̀ wọn sì jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe gbé e lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lóko Lágelú, bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá lórí ilẹ̀ bàbá mi, á gbé itan wá kó tó kan ilé tirẹ̀. Ẹran pọ̀ nígbà náà, ebi itan ò pa bàbá mi. Ohun tí ọdẹ yẹn ń sọ pẹ̀lú itan yẹn ni pé, "Mo mọ ẹni tó nilẹ̀." Bákan náà ni ìṣákọ́lẹ̀. Iṣu díẹ̀ tàbí ẹmu agbè kan kì í sọ onílẹ̀ dolówó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé e wá lọ́dọọdún ò lè dìde lọ́jọ́ kan pé òun ni onílẹ̀. Ẹni tó sanwó lè gbàgbé ẹni tó san án fún. Ọmọ ẹ̀ lè sọ pé bàbá òun rà á, bí lọ́yà ṣe wí. Ẹni tó gbé itan wá lójú gbogbo agboolé, ó ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́rìí.

Ẹ gba owó, ayé ti yí padà, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ fi itan sínú ìwé náà. Itan ẹran ńlá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn gbé e wá sílé Mọ́gàjí.

Lọ́yà Ìyágankú

Bàbá, ẹ ṣeun. Lójú òfin pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó ń san án gbà pé ẹlòmíì ló nilẹ̀. Màá kọ itan yẹn sínú ìwé bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ọ́.

Ọmọ Olóko Ìdó

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti ṣèpàdé náà láàárọ̀ Sátidé. Ọpẹ́ yín kọjá ohun tí mo lè kọ.

A pe àwọn àgbẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa jókòó nínú agboolé wa yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti rí àwọn kan nínú igbó náà lóru lọ́dún yìí, òun ò sì mọ ẹni tí òun máa sọ ọ́ fún. Òun la fi ṣe ẹni tó máa mọ ìwọlé àti ìjáde wọn. A dín ìṣákọ́lẹ̀ ẹ̀ kù sí ìdajì lọ́dún yìí.

Mo ṣe ìṣirò náà lórí bébà níwájú wọn. Nígbà tí mo fi 12 pín ₦200,000, àbúrò mi tó fẹ́ ká gbowó ọ̀hún ló kọ́kọ́ sọ pé rárá. A bèèrè owó éékà ládùúgbò, kò jìnnà sí àpẹẹrẹ Oníṣirò. Mọ́gàjí wá ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ náà: ọdẹ mẹ́fà, éékà 24, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ₦30,000 lórí ẹnì kan.

Wọ́n bínú lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn tó ń ti Èkó wá ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n sì lọ. Àwọn mẹ́fà tó ń gbé Ìbàdàn padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú Olúọdẹ wọn, wọ́n bẹ̀ wá títí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦25,000. ₦150,000 nìyẹn, àti ₦50,000 ìdógò tó wà lọ́wọ́ Mọ́gàjí. Mo mọ̀ pé Oníṣirò fẹ́ ká dúró sórí ₦30,000. Olúọdẹ yẹn ló jẹ́ ká gbà, torí ó sọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn àti ilé bàbá wọn kí a tó béèrè, ó sì ní bí iná bá jó oko ẹnikẹ́ni, ẹnu ọ̀nà òun ni ká wá. Itan wà nínú ìwé. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, bàbá wa àgbà ní kí n tún un kà.

Ẹni márùn-ún ti buwọ́ lù ú. Ẹnì kẹfà ò tíì rí ìwé àṣẹ ìbọn ẹ̀ mú wá, nítorí náà a ò tíì gba owó ẹ̀. Páànù òrùlé la máa kọ́kọ́ rà, Àǹtí wa àgbà ló máa mú ìwé ìṣirò ẹ̀ dání.

Lọ́jọ́bọ̀ la máa rin ààlà náà pẹ̀lú wọn, àwọn àgbẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Awọnlẹ̀ Moníyà, ẹ jọ̀ọ́, irú ọ̀dà pupa wo ni òjò kì í tètè fọ̀ lára igi?